Bàbá Àgbà àti Àpò Tó Gbé E Kúrò Nílẹ̀

Nígbà tí màmá mi pè mí pé Bàbá Àgbà ti kú, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi ni pé, "Níbo ló ti já bọ́?"

Màmá mi ní, "Kò já bọ́ níbì kankan, Ṣakírá. Orí ẹní rẹ̀ ló wà. Ó kírun àsùbá tán, ó ní kí n bá òun po ẹ̀kọ gbígbóná. Kí n tó gbé e dé, ó ti lọ."

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí. Mo sunkún lọ́jọ́ náà, mo sunkún gan-an, ṣùgbọ́n kí ẹkún tó dé, mo ti kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Orí ilẹ̀ ló kú sí. Orí ẹní, pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, bí àgbàlagbà gidi. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò ní irú ọmọ-ọmọ wo nìyí. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò ní alihamudulilai, yóò sì béèrè bóyá ẹ̀kọ yẹn ṣì kù.

Papá Báàṣì ni gbogbo Agbalépédogan, àdúgbò wa ní Lomé, ń pè é. Báàṣì ni àwọn ará Lomé ń pe àtíbàbà, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni kí ó máa rán an, kí ó máa fi yá àwọn tó ń sọmọ lórúkọ, àwọn tó ń gbéyàwó àti àwọn tó ń sìnkú. Bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tẹ̀dó síbí. Ìyá Àgbà, ìyàwó rẹ̀, ń ta aṣọ ní ọjà Adawlato, ilé àwọn méjèèjì ni mo sì dàgbà sí. Mi ò ní sọ ìtàn ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí òun náà kì í sọ ìtàn tán kí ó tó dìde lọ wo ojú ọ̀run.

Ìwà yẹn gan-an ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Bí o bá kí Bàbá Àgbà láàárọ̀, kò ní dá ọ lóhùn kí ó tó wo òkè. Yóò mú ìrépé náílọ́ọ̀nù tín-ín-rín kan láti àpò ṣòkòtò rẹ̀, yóò gbé e sókè, yóò máa wò ó bí atẹ́gùn ṣe ń mì ín. Ìgbà tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni yóò tó rántí pé ènìyàn dúró níwájú òun. Ìmáàmù àdúgbò wa bínú lọ́jọ́ kan, ó ní, "Àlàájì, èmi ni mò ń kí yín o." Bàbá Àgbà ní, "Mo gbọ́, Àlùfáà. Ẹni tó dé ṣáájú yín ni mo ṣì ń dá lóhùn."

Bàlúù kì í jẹ́ ká gbádùn ládùúgbò wa, orí òrùlé wa ni wọ́n ń gbà bọ̀ kí wọ́n tó balẹ̀. Àwa ọmọdé a máa sáré jáde láti juwọ́ sí wọn. Ẹ ó rò pé ẹni tó fẹ́ràn ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ yóò bá wa juwọ́. Rárá o. Ṣe ni yóò fajú ro, yóò fi ìka di etí títí ariwo yóò fi kọjá. Mo bi í nígbà kan ohun tí bàlúù fi ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Èyí ń bá atẹ́gùn jà ni. Èmi fẹ́ kí atẹ́gùn gbà mí lálejò."

N kò ní purọ́ fún yín pé ẹni jẹ́jẹ́ ni. Olórí kunkun ni Bàbá Àgbà, bí nǹkan bá sì gbà á lọ́kàn, kò mọ ẹni tí ìyà ń jẹ. Ọjọ́ kan wà tó gbàgbé odindi ìgbéyàwó. Àwọn àlejò ti jókòó sínú oòrùn, àtíbàbà wọn wà nílé wa, Bàbá Àgbà ti tú gbogbo ojú rírán rẹ̀ palẹ̀ nítorí ó fẹ́ mọ ibi tí atẹ́gùn ń gbà sá jáde. Ìyá ìyàwó fúnra rẹ̀ ló wá bá a, òógùn ti fọ pọ́dà ojú rẹ̀ dànù. "Papá, oòrùn ń pa wá! Ẹ gbà wá!" Bàbá Àgbà gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ó ní, "Dúsumáǹ, màdámù, ẹ rọra. Tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, yóò lọ fúnra rẹ̀."

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan ní àdúgbò Attiégou ni ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ìjì òjò dé lójijì, àtíbàbà ńlá fẹ́ bí ikùn aboyún, gbogbo ènìyàn sá wọlé, Bàbá Àgbà nìkan ló di òpó rẹ̀ mú. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kúrò nílẹ̀. Kò ga ju àpótí ìjókòó lọ, kò sì pẹ́, àtíbàbà tún gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò ìrẹsì. Ìyá Àgbà ké, ó sáré bá a, ó rò pé ó ti fi ẹ̀yìn ṣẹ́. Ẹ̀rín ló bá lẹ́nu rẹ̀. Ó ń fi ọwọ́ gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lára, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé, "Àbẹ̀kẹ́, aṣọ gbé mi. Bí mo ṣe wúwo tó yìí, aṣọ gbé mi."

Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára náílọ́ọ̀nù mọ́. Ó rán àpò kékeré, ó dojú rẹ̀ kọ iná ẹ̀édú, àpò náà kún fún ooru, ó fò lọ kọ́ sórí igi máńgòrò. Ó rán èyí tó tóbi jù ú lọ, èyí gbé kẹ́ẹ̀gì omi. Aládùúgbò wa tó jẹ́ ẹ̀yà Mínà, Fófó Kọ̀fí, tó ń ta gáàsì, ló di ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì á jókòó ti fóònù Kọ̀fí, wọ́n á máa wo àwọn òyìnbó tó ń fi irú àpò bẹ́ẹ̀ gòkè, Bàbá Àgbà á sì máa bú iṣẹ́ ìránṣọ wọn. Kọ̀fí wá iná gáàsì ńlá tí àwọn alásè fi ń se ìrẹsì àríyá, wọ́n so ó mọ́ àga irin kan. Orí àga yẹn ni Bàbá Àgbà ní òun yóò jókòó sí, lábẹ́ àpò tó máa tóbi ju ilé wa lọ.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Tọ̀ntọ̀n Bùráímọ̀, ni àkọ́bí Bàbá Àgbà. Nígbà tó gbọ́, ó gbé gbogbo ìgò gáàsì ilé wa tì mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó kìlọ̀ fún Kọ̀fí pé kò gbọdọ̀ ta gáàsì fún wa, ó ní kò sí ẹni tí yóò fi òun ṣe ọmọ ẹni tó jóná lójú ọ̀run. A retí ìjà. Bàbá Àgbà kàn kọ̀ láti jẹ oúnjẹ gbígbóná. Gààrí ló ń rẹ láàárọ̀, gààrí ló ń rẹ lálẹ́, ẹni tó bá sì wọlé ló ń fi ìbànújẹ́ kí pé, "Ẹ máa wolẹ̀ jẹ́jẹ́ o, ilé wa ti di ilé aláìníná." Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé etí àwọn ìyá Adawlato, ojú ti Ìyá Àgbà, ó ní kí Tọ̀ntọ̀n dá ìgò padà lójú ẹsẹ̀. Bàbá Àgbà gba ìgò, ó ní, "Bùráímọ̀, o ṣeun. Gààrí yẹn ti ń dá inú rírun sí mi lára."

Ti Ìyá Àgbà ló le jù. Òun kò pariwo. Ó jókòó níwájú ọkọ rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún, ó ní, "Bàbá Bùráímọ̀, ẹ wo ojú mi. Ọjọ́ kan ni mo máa di opó, tàbí kí ẹ̀yin ṣe opó mi, ti Ọlọ́run nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣe opó nítorí àìsàn. Ẹ má jẹ́ kí n ṣe opó nítorí náílọ́ọ̀nù." Gbogbo wa tó wà níbẹ̀ kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí omi ti wà lójú rẹ̀. Bàbá Àgbà wo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ṣèlérí fún un pé òrùlé nìkan ni òun yóò ga dé, pé okùn yóò wà ní ìdí òun, àti pé bí òun bá ti rí orí òrùlé, òun yóò sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Òrùlé nìkan, Àbẹ̀kẹ́. Ẹni tó ń tún òrùlé ṣe náà ń gòkè."

Ṣùgbọ́n ibo ni yóò ti rí aṣọ? Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Àgbà nìkan la ti ń rí náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn aránṣọ fi ń bọ inú kóòtù, tó lágbára tí kò sì wúwo. Ìyá Àgbà ní òun kò ní fún ọkọ òun ní ohun tí yóò pa á, ṣùgbọ́n oníbàárà ni oníbàárà, òun kì í lé oníbàárà. Bàbá Àgbà bá wọ bùbá, ó lọ sí Adawlato. "Bọ̀nsúù, màdámù." "Bọ̀nsúù, mùsíyé. Kí lẹ fẹ́ rà?" Wọ́n nájà bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí, àwọn obìnrin ìsọ̀ tó yí wọn ká ń fi ìborí bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Bí Ìyá Àgbà ṣe ń ta aṣọ nìyí: bí ó bá fi ọ̀pá wọn aṣọ dé ibi tí o ní kó wọ̀n ọ́n dé, kò ní gé e níbẹ̀. Yóò fa aṣọ síwájú díẹ̀ sí i kí ó tó gé e. Èènì nìyẹn. Kò sí oníbàárà tó ń kúrò níwájú rẹ̀ láìgba èènì, ọ̀tá rẹ̀ pàápàá ń gbà á, ọwọ́ rẹ̀ sì ti mọ́ ọn débi pé òun fúnra rẹ̀ kì í mọ̀ pé òun ń ṣe é. Abala aṣọ lẹ́yìn abala aṣọ ló gé fún àpò náà, èènì sì wà lórí gbogbo wọn.

Bàbá Àgbà kó aṣọ délé, kò tún un wọ̀n. Mo bi í pé ṣé kò ní wò ó bó pé. Ojú tó fi wò mí, n kò jẹ́ béèrè mọ́. Ó ní, "Ẹni tó bá tún aṣọ ìyàwó rẹ̀ wọ̀n ti pè é ní olè." Ó to àwọn abala náà mọ́ ara wọn bí wọ́n ṣe gùn tó, ó rán wọn pọ̀. Èènì kékeré kékeré wá di àpò tó tóbi ju èyí tó ti ṣírò lọ, kò sì sí ẹni tó mọ̀ nínú wa. Bí àpò bá sì ṣe tóbi tó ni yóò ṣe lágbára tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìrun àsùbá, a kó lọ sí pápá gbalasa kan ní Attiégou. Aago yẹn ni atẹ́gùn òkun kì í tíì jí, Bàbá Àgbà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìdí àtíbàbà. Ìyá Àgbà kò bá wa lọ. Tọ̀ntọ̀n Bùráímọ̀ ló wa ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ wá, òun náà ló so okùn àga mọ́ ìdí ọkọ̀ náà. Mo ní, "Tọ̀ntọ̀n, ẹ̀yin náà?" Ó ní, "Tí n kò bá so ó, yóò lọ láìso."

Iná gáàsì hó, àpò bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lórí koríko, aláwọ̀ búlúù àti ọsàn, ó ga, ó tún ga, títí tí Kọ̀fí fi ń sọ pé, "Ao, Papá, ó ti tóbi jù!" Bàbá Àgbà jókòó, ó di ara rẹ̀ mọ́ àga. Àpò yanrìn ló so kọ́ àga náà, ó ti ṣírò iye tí yóò jù sílẹ̀ kí ó lè ga dé òrùlé. Ó ju wọ́n sílẹ̀.

Òrùlé kọ́? Ó kọjá òrùlé kí n tó pe Bísímílàhì tán. Okùn ń sáré láàárín ọwọ́ àwọn ọkùnrin tó dì í mú, ó ń bó wọn láwọ, wọ́n sọ ọ́ nù. Ó kọjá orí àgbọn. Okùn gùn dé òpin, ọkọ̀ akẹ́rù ké gbìn-ín, Bàbá Àgbà sì dúró sókè níbẹ̀, ó kéré bí ẹyẹ lórí wáyà. Mo mọ̀ pé bí okùn yẹn bá já, a kò ní rí òkú rẹ̀ gan-an.

Ibẹ̀ la wà tí zẹ́mì kan fi já dé, ọ̀kadà akérò, Ìyá Àgbà ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò lè jókòó sílé. Ó wo òkè. Ó béèrè pé, "Kí ló gbé e ga tó yẹn?"

Kọ̀fí ní, "Màmá, mi ò mọ̀. Àpò yẹn tóbi ju bí a ṣe wọ̀n ọ́n lọ. Àwa méjèèjì la jọ ṣírò rẹ̀."

Ìyá Àgbà wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó gbé méjèèjì lé orí. "Èènì! Yéè, mo ti fi èènì pa ọkọ mi!"

Bí ó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni iná òkè rẹ̀wẹ̀sì. Kọ̀fí ṣàlàyé fún wa lẹ́yìn náà pé bí a bá fa gáàsì lákọlákọ, ìgò a máa tutù bíi yìnyín, gáàsì inú rẹ̀ kò sì ní jáde dáadáa mọ́. Iná náà kéré, ó kéré, ó kú. Tọ̀ntọ̀n Bùráímọ̀ bojú. Èmi kò lè bojú. Mò ń retí kí àga irin yẹn máa bọ̀ bí òkúta.

Kò bọ̀ bí òkúta. Àpò tó tóbi jù yẹn ló gba atẹ́gùn sínú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìyá tó ń tẹ́ ọmọ tó ti sùn sórí ẹní. Ó gbé Bàbá Àgbà kọjá lórí wa, ó gbé e lọ sínú oko ẹ̀fọ́ gbọ̀mà kan lẹ́bàá pápá, ó fi í jókòó sáàárín ebè. Ẹsẹ̀ àga kan tẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ Bàbá Àgbà kan sì wú. Gbogbo ohun tó ṣe é nìyẹn. Obìnrin olóko ti ń bú u kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo dì mọ́ Bàbá Àgbà, inú mi dùn débi pé mo bá obìnrin náà bú u. Kọ̀fí ní bó bá ṣe àpò tí wọ́n ṣírò ni, yóò ti já wá lulẹ̀ bíi àpò sìmẹ́ńtì. Bàbá Àgbà yíjú sí Ìyá Àgbà tó dúró tó ń sunkún, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ká ní ahun ni mo fẹ́, ǹ bá ti kú."

Àwọn ènìyàn bi í léèrè fún ọdún púpọ̀ pé kí ló rí lókè. Ó máa ń dá oníkálukú lóhùn bó ṣe wù ú. Ó sọ fún Ìmáàmù pé òun rí i pé òrùlé mọ́sálásí ti dípẹtà. Èmi nìkan ló sọ fún, lọ́jọ́ kan tí a jọ ń ṣa abẹ́rẹ́ nílẹ̀, pé ohun tó gbọ́ ló yà á lẹ́nu. Ó gbọ́ àkùkọ, ó gbọ́ ìró odó, ó gbọ́ ọmọ tó ń sunkún ní ilé kan tí kò mọ̀. Ó ní, "Gbogbo ayé ló ń pariwo gòkè wá bá mi, Ṣakírá. Èmi nìkan ni mo dákẹ́."

Ṣé ẹ wá rí i, ohùn tó fi sọ ọ́ yẹn, ohùn ẹni tó fẹ́ padà lọ ni. Àpò náà ṣì wà ní kíká nínú yàrá ẹrù, Kọ̀fí sì ti ń sọ pé òun mọ bí ìgò kò ṣe ní tutù mọ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ojú ọ̀run dákẹ́ láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ń sùn dáadáa nílé wa. Tọ̀ntọ̀n ń gbààwẹ̀. Màmá mi ń pè mí, "Ṣé ó ti jí? Kí ló ń ṣe?" Ẹ̀ẹ̀kan ló bọ́ fún un, gbogbo wa mọ̀ pé kò ní bọ́ nígbà gbogbo.

Àfi bó ṣe di àárọ̀ ọjọ́ kan tí Bàbá Àgbà tẹ́ àpò náà sí àgbàlá, tó mú sìsọ́ọ̀sì, tó gé e sí abala-abala. Ó fi rán aṣọ òjò fún gbogbo ọmọ àdúgbò, ti àwọn Mùsùlùmí, ti àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ti ọmọ Kọ̀fí pàápàá. A kò béèrè ìdí, kó má baà yí ọkàn padà. Tọ̀ntọ̀n ní ààwẹ̀ òun ló gbà. Màmá mi ní ọrùn ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Kọ̀fí bínú, kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Bàbá Àgbà kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni, ó padà sídìí àtíbàbà rẹ̀, ó sì dàgbà, ó darúgbó, títí dé àárọ̀ ẹ̀kọ yẹn.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, tí àwọn àlejò ti lọ, mo jókòó ti Ìyá Àgbà. Ó ti wọ aṣọ opó, ojú rẹ̀ balẹ̀. Mo ní, "Ìyá Àgbà, kí ló mú Bàbá Àgbà gé àpò yẹn?"

Ó ní, "Èmi ni."

"Ẹ bẹ̀ ẹ́ ni?"

"Ẹ̀bẹ̀ wo? Mo ti bẹ̀ ẹ́ nígbà àkọ́kọ́, ó ha gbọ́? Ó wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan pé òun tún fẹ́ lọ. Mo ní, 'Kò burú, Bàbá Bùráímọ̀. Ẹ so àga tèmi mọ́ ọn. Àwa méjèèjì la jọ ń lọ.' Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, 'Rárá o, Àbẹ̀kẹ́. Ìyẹn léwu.'"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú mi. Mo ní, "Ìyá Àgbà! Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń dẹ́rù ba ọkùnrin!"

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tí mo sọ.

Ó ní, "Ta ló ń dẹ́rù bà á? Mo ti ra bàtà tí mo máa wọ̀."